Ṣé Kí Á Fagi Lé Eré Nítorí Oòrùn?

Nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa ní Festac Town, ọ̀rọ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù kì í ṣe owó oṣù ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe rẹfirí tó ń ṣègbè. Ọ̀rọ̀ oòrùn ni. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ náà láti ọdún 2016, ọwọ́ mi ni ìwé ìpàdé wà. Láti ọdún 2024, kò sí oṣù Ẹrẹ́nà kan tó kọjá tí a kò fi wákàtí méjì gbáko jiyàn lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: bí ooru bá le kọjá bó ṣe yẹ, ṣé kí á fagi lé eré ni, àbí kí á máa gbá a lọ, ká fi ìyókù sọ́wọ́ Ọlọ́run? Àwọn kan á ní àwọn baba wa gbá bọ́ọ̀lù nínú oòrùn, wọn ò kú. Àwọn mìíràn á dáhùn pé àwọn tó kú nínú wọn ni kò sí níbí láti wá jẹ́rìí. Mo fẹ́ sọ ibi tí èmi dúró sí, àti ìdí tí ibẹ̀ kò fi rọrùn láti dúró sí.

Kí ẹni tí kò mọ Festac lè bá mi lọ: ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ ìlú náà nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ẹlẹ́ẹ̀kejì, èyí tí wọ́n ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ sí ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé ọdún 1977. Àwọn àlejò tó wá fún àjọ̀dún ló kọ́kọ́ sùn sínú àwọn ilé náà. Nígbà tí wọ́n padà sílé wọn, àwa ọmọ Nàìjíríà kó wọlé. Wọ́n ti ya ìlú náà sórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó gbé inú rẹ̀. Àfẹ́nù wà, ròòdù tó ní nọ́ńbà yà kúrò lára àfẹ́nù, kúlóòsì yà kúrò lára ròòdù, àyè ìṣeré àwọn ọmọdé sì wà láàárín wọn. Ẹ wá rìn ín wò lónìí. Ibi tó jẹ́ àyè ìṣeré nígbà tí mo wà ní kékeré ti di ṣọ́ọ̀bù, tàbí gbọ̀ngàn ìnáwó, tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Igi fúrúùtù tí a máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ de ìgbà tí sẹ́ẹ̀tì tiwa á kàn ti lọ, wọ́n gé e nítorí pé ewé rẹ̀ ń dí gọ́tà. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí igi. Mo kàn ń sọ pé oòrùn tó ń pa wá lónìí kì í ṣe oòrùn tó ń pa wá ní ọdún 1988 gẹ́lẹ́, nítorí pé nígbà náà, bí ó bá pa ọ́ fún ogún ìṣẹ́jú, ìbòji wà tí wàá sá lọ.

Pápá méjì ló kù tí ẹgbẹ́ wa lè lò. Ọ̀kan jẹ́ pápá ilé ẹ̀kọ́, yanrìn àti eruku ni, ọ̀fẹ́ ni. Èkejì jẹ́ pápá oníkoríko àtọwọ́dá tí wọ́n ń háyà ní wákàtí-wákàtí, ọ̀nà Amuwo-Odofin. Ó dára lójú, ó ní nẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù kì í ta gìrì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rá àti rọ́bà ni koríko náà. Oòrùn á wọ inú rẹ̀, kò ní omi tí yóò tú jáde bíi koríko gidi, nítorí náà ó lè gbóná ju afẹ́fẹ́ tó wà lókè rẹ̀ lọ ní ogún dígírì àti jù bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó bọ́ bàtà láti yí ìbọ̀sẹ̀ pa dà lórí pápá náà lágogo méjì ọ̀sán, tó fò sókè bí ẹni tó tẹ ẹyin iná. A rẹ́rìn-ín sí i. Ooru yẹn náà ni gbogbo wa wọ bàtà lé.

Ta ni yóò wá gbá bọ́ọ̀lù lágogo méjì ọ̀sán? Ìbéèrè tí àwọn tí kì í ṣe ará Èkó máa ń bi mí nìyẹn. Ẹni tí kò ní àkókò mìíràn ni. Nínú wa, kíríńgì ni àwọn kan ń ṣe ní Apapa, àwọn kan ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Trade Fair, méjì ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ẹnìkan jẹ́ tíṣà, ọ̀pọ̀ jẹ́ ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́. Láti Mọ́ńdè sí Fúráìdè, agogo márùn-ún ìdájí ni a ń jáde, agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ni a ń wọlé; ẹni tó bá ti dúró rí ní Mile 2 lálẹ́ mọ ohun tí mò ń wí. Sọ́ńdè, ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ku Sátidé. Láàárọ̀ Sátidé, oníṣòwò ní láti ṣí ṣọ́ọ̀bù kí oníbàárà tó máa wá. Nírọ̀lẹ́ Sátidé, òde ìnáwó pọ̀ bí eṣú. Pápá àháyà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́n ní ìlọ́po méjì bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, nítorí pé jẹnẹrétọ̀ ló ń tan iná ibẹ̀, ta ni yóò gbọ́kàn lé NEPA? Ọ̀sán ló pọ́n mọ́ tálákà lọ́wọ́, ọ̀sán ló sì rà. Ẹni tó bá ń pariwo pé kí á fagi lé eré ọ̀sán, kí ó kọ́kọ́ mọ̀ pé owó ló gbé eré náà sí ọ̀sán.

Ní oṣù Èrèlé ọdún 2024, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, NiMet, kéde pé ooru tó ń bọ̀ yóò le, kí àwọn ènìyàn máa mu omi dáadáa, kí wọ́n sá fún oòrùn ọ̀sán. Gbogbo wa gbọ́ ọ lórí rédíò. Nígbà tó di Sátidé ọjọ́ 23 oṣù Ẹrẹ́nà, ìdíje àárín ròòdù sí ròòdù ti dé ìpele mẹ́jọ tó kù. Agogo kan ọ̀sán ni àwọn tó ń ṣètò fi eré tiwa sí. Oṣù Ramadan ni, ó ti pé nǹkan bí ọjọ́ méjìlá tí àwọn Mùsùlùmí inú ẹgbẹ́ ti ń gbààwẹ̀. Àwọn kan nínú wọn jókòó, kò sẹ́ni tó bá wọn wí. Ẹ̀gbọ́n kan, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, kì í ṣe Mùsùlùmí, kò gbààwẹ̀, ó jẹ ẹ̀bà kí ó tó wá.

Èmi wà nídìí tábìlì, mò ń kọ orúkọ àwọn tó ń wọlé àti àwọn tó ń jáde. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n sinmi, mo rí i pé ẹ̀gbọ́n náà gba bọ́ọ̀lù, ó yí pa dà, ó sì ń sáré lọ sí gólì tiwa. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Rẹfirí pàápàá rẹ́rìn-ín. Gólì wa ń pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n, ibí kọ́! Ibí kọ́!" Ó dúró, ó wo ọmọ náà bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò ní ìtumọ̀, ó sì wó lulẹ̀. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohun tó ya gbogbo wa lẹ́nu ni pé ara rẹ̀ gbóná bí ògiri ilé onípáànù. Ojú rẹ̀ là, kò rí wa.

Ẹnìkan ti sáré lọ gbé mọ́tò. Bí àwa bá nìkan wà níbẹ̀ ni, a ò bá ti gbé e jù sẹ́yìn ọkọ̀, ká tò sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Badagry Expressway pẹ̀lú ooru yẹn lára rẹ̀. Ìyá kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí pápá, ló jáde wá, ó sì dí ọkọ̀ lọ́nà. "Ẹ ò ní gbé e lọ báyìí. Ẹ kọ́kọ́ pa iná tó wà lára rẹ̀." Ó ní kí á gbé e sí abẹ́ ìbòji ògiri, kí á bọ́ jẹ́sì àti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, kí á máa já omi inú ọ̀rá sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀, kí àwọn tó kù máa fi káàdì àti páálí fẹ́ ẹ. Ó da kúlà ọmọbìnrin tó ń ta mínírà dé, ó kó yìnyín rẹ̀ sí abíyá àti ọrùn ọkùnrin náà. Ẹnìkan fẹ́ rọ omi sí i lẹ́nu, ìyá gbá a lọ́wọ́: ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ kò lè gbé omi mì, ẹ̀dọ̀fóró ni omi náà yóò lọ. Ó tó ìṣẹ́jú ogún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tó wà. Ìgbà yẹn ni ìyá tó yẹra fún ọkọ̀. Wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì padà sílé lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ ohun tí ìyá yẹn mọ̀. Nígbà tí ooru inú ara bá ti kọjá dígírì 40, tí ẹni náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìwà hù, ọpọlọ ló ń jóná, ìṣẹ́jú ni a fi ń ka ìyókù. Títù ú lára ló gbọ́dọ̀ ṣáájú gbígbé e. Òógùn ni Ọlọ́run fi ṣe omi ìtutù fún ara wa. Kì í sì í ṣe jíjáde òógùn ló ń tù wá lára, gbígbẹ rẹ̀ lára ni. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà Èkó wà. Afẹ́fẹ́ wa ti mu omi yó láti inú ọ̀sà àti òkun. Òógùn á jáde, kò ní ríbi gbẹ lọ, á kàn máa ṣàn wọ bàtà ni. Ìdí nìyẹn tí dígírì 34 ní Amuwo-Odofin fi lè bá èèyàn jà ju dígírì 40 ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ lọ.

Àwọn tó ń ṣètò eré lágbàáyé ní òṣùwọ̀n kan tó ń ka èyí mọ́ ọn, WBGT ni wọ́n ń pè é. Ìwọ̀n mẹ́ta ni wọ́n ń pa pọ̀: ti tẹ̀mómítà tí a fi aṣọ tútù wé lórí, ti èyí tó wà nínú bọ́ọ̀lù dúdú tí oòrùn ń pa, àti ti tẹ̀mómítà lásán. Nínú ìdá mẹ́wàá, aṣọ tútù kó méje, bọ́ọ̀lù dúdú kó méjì, ti lásán kó ẹyọ kan péré. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ọ̀sán Ẹrẹ́nà kan. Ká sọ pé aṣọ tútù ka 28, bọ́ọ̀lù dúdú ka 45, ti lásán ka 34. Ìdá méje nínú 28 jẹ́ 19.6, ìdá méjì nínú 45 jẹ́ 9, ìdá kan nínú 34 jẹ́ 3.4. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 32. Ní 32 yìí ni FIFA ti ń sọ pé ó yẹ kí wọ́n dá eré dúró láàárín ìpele kọ̀ọ̀kan kí àwọn agbábọ́ọ̀lù mu omi, bí wọ́n ti ṣe ní Fortaleza ní ọdún 2014 nígbà tí Netherlands ń bá Mexico gbá nínú Ife Àgbáyé. Ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù lágbàáyé ní nọ́ńbà náà ti ga jù. Àwọn wọ̀nyẹn sì ni dókítà ń tẹ̀ lé káàkiri, tí wọ́n ń jẹun oníwọ̀n. Tiwa jẹ ẹ̀bà wá ni.

Ooru kò sì mọ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní ọjọ́ 12 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2022, ní Limbe ní Kamẹrúùnù, rẹfirí ọmọ Zambia, Janny Sikazwe, fọn fèrè ìparí eré Tunisia àti Mali nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n dá a padà, ó tún fọn ọ́n kí àádọ́rùn-ún tó pé. Gbogbo ilé tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Festac ló fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ó ti gba rìbá. Lẹ́yìn náà ni ó ṣàlàyé pé ooru ló mú òun, pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Nígbà tí mo rántí bí ẹ̀gbọ́n wa ṣe ń sáré lọ sí gólì tiwa tí àwa ń rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ rẹfirí náà kúrò ní yẹ̀yẹ́ lójú mi.

Bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ yìí nípàdé, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi dárúkọ Samuel Okwaraji, ẹni tó ṣubú ní pápá ìṣeré orílẹ̀-èdè ní Surulere ní ọjọ́ 12 oṣù Ògún 1989, nígbà tí a ń bá Angola gbá, tí kò dìde mọ́. Ẹni ọdún 25 ni. Àwọn tó fẹ́ kí á máa fagi lé eré fẹ́ràn láti sọ pé oòrùn ló pa á. N kò gbà fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn wọn ni mo wà. Oṣù Ògún ni ara Èkó máa ń tutù jù lọ́dún. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí òkú rẹ̀ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti ru. Ohun tí ikú Okwaraji kọ́ mi yàtọ̀: èèyàn lè wà nínú ẹgbẹ́ tó ga jù lórílẹ̀-èdè kí ẹnikẹ́ni má mọ ohun tó ń ṣe ọkàn rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, tí irun funfun ti pọ̀ lórí, mélòó ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru tí kò mọ̀? Oòrùn kàn máa ń wá bá àìsàn tó ti wà nílẹ̀ ni.

Àwọn kan ní kí á mú nọ́ńbà kan, bó bá ti dé ibẹ̀ kí á fagi lé e, ó tán. Bí àwọn òyìnbó onikíríkẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣe nìyẹn. Ní Adelaide ní Australia, ìdíje kíríkẹ́ẹ̀tì àwọn tí kì í gbowó ní òfin pé bí ooru bá kọjá dígírì 42, kò sí eré. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ẹrẹ́nà 2025, ooru ibẹ̀ kọjá 40, kò tó 42, wọ́n gbá eré náà. Ọkùnrin kan tó ti dúró nínú pápá fún wákàtí pípẹ́, tó tún wá wọ páàdì àti akoto láti gbá bọ́ọ̀lù, ṣubú, ó sì kú. Oṣù Ramadan ni níbẹ̀ náà. Òfin wà, wọn kò rú u. Ìròyìn yẹn bá mi lára mu ju gbogbo èyí tí mo ti kà lọ, nítorí pé èmi náà ti ń wá nọ́ńbà tí n ó kọ sínú ìwé kí àríyànjiyàn lè parí. Àwọn ọmọ tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ní Tafawa Balewa Square ń pọ̀ sí i, pàápàá láti ìgbà tí àwọn ọmọbìnrin wa tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún ti na New Zealand ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025. Eré ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni, tí wọ́n ń di ara bí ẹni ń lọ sógun. Àwọn náà yóò bi ara wọn ní ìbéèrè yìí láìpẹ́.

Ẹni tí mo rò pé yóò ràn mí lọ́wọ́ jù nípàdé ni ẹ̀gbọ́n tó ṣubú náà. Òun ló kọ́kọ́ dìde láti ta kò mí. "Akọ̀wé, ẹ ṣé o, mo mọ̀ pé nítorí mi ni ẹ ṣe ń ṣe èyí. Ṣùgbọ́n dókítà sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ga, kí n máa ṣe eré ìdárayá. Láti Mọ́ńdè, inú kọ̀ńtẹ́nà ni mo wà. Sátidé nìkan ni egbòogi mi. Bí ẹ bá fagi lé e ní Festac, màá lọ gbá a ní Satellite, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ orúkọ mi, tí kò ti ní sí nọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá." Gbogbo ilé dákẹ́. N kò rí ohun tí mo lè fi dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́ náà ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀: bí a bá ti pápá, ojú títì tó ń yọ́ ni wọn yóò gbé mọ́ńkì pósù lọ.

Nítorí náà, èrò tèmi kò gbóná bíi ti àwọn tó wà lẹ́yìn mi. Mo gbà pé kí á kọ́kọ́ ṣí eré kúrò nínú oòrùn. Bí kò bá ṣeé ṣí, kí á gé e kúrú. Bí kò bá ṣeé gé, ìgbà náà ni kí á fagi lé e, kí á sì fagi lé e láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: bí èèyàn kan bá kú lórí pápá yẹn, kò sí ìdíje mọ́, kò sí ẹgbẹ́ mọ́, ilé ẹ̀kọ́ yóò sì ti géètì rẹ̀ pa. Àmọ́ ìfagilé tí kò bá fi wákàtí mìíràn rọ́pò wákàtí tó gbà, ó kàn ń ti àwọn ènìyàn lọ síbi tí ooru ti le jù ni.

Ohun tí a fẹnu kò lé lórí níkẹyìn kì í ṣe ohun ńlá. Láti oṣù Èrèlé sí oṣù Igbe, kò sí eré láàárín agogo mọ́kànlá àárọ̀ sí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. A ń bẹ̀rẹ̀ lágogo méje àárọ̀ lórí pápá ilé ẹ̀kọ́; àwọn ọlọ́jà ló ń kọ́kọ́ gbá, kí wọ́n lè lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ogún ìṣẹ́jú ni ìpele kan dípò mẹ́ẹ̀ẹ́dógójì. Owó fáìnì ni a fi ra kúlà ńlá méjì, yìnyín inú rẹ̀ kì í ṣe fún mímu. Ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọmọ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù, lè dá eré dúró bó bá rí ẹni tó ń ṣìwà hù, rẹfirí kò sì gbọdọ̀ bi í léèrè kí ó tó fọn fèrè. Ìyá wa nọ́ọ̀sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, ní Sátidé tó bẹ̀rẹ̀ oṣù. Ní ọjọ́ kìíní tó ṣe é, ó dá mẹ́ta nínú wa padà sílé. Ẹni tó bá gbààwẹ̀ lè gbá lágogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí ó lè fi omi ṣínu láìpẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa ń wá lágogo méje. Ó ń ráhùn pé òun kò rí oorun sùn mọ́, ṣùgbọ́n ó ń wá.

Ọ̀rọ̀ àṣekágbá ni kò tíì yanjú. Ẹni tó ń gbé ife kalẹ̀ fẹ́ kí á gbá a lágogo méjì ọ̀sán, nítorí pé àwọn àlejò rẹ̀ láti Victoria Island kì í tètè jí, ó sì ti háyà kánópì àti olórin. Abẹ́ kánópì náà ni àwọn yóò jókòó. Mo ti kọ lẹ́tà sí i lórúkọ ẹgbẹ́ pé agogo méje àárọ̀ tàbí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni àyè wà, àti pé bí kò bá gba ọ̀kan nínú méjèèjì, kí ó máa mú ife rẹ̀ lọ. Alága fọwọ́ sí i, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, nítorí pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́tà ti lọ láti Túsìdeè. A kò tíì rí èsì gbà.